Ẹ̀rù-Ò-Bà-Mí Wọ Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe o, n ò bá ẹnikẹ́ni jà. N ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bínú ló júwe ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn akíkanjú orí àga ni mo gbé dé lónìí, àwọn ọkùnrin tí ẹnu wọn kì í sinmi nísọ̀ onígbàjámọ̀. Kò sóhun tó ń bà wọ́n lẹ́rù láyé. Fíìmù adẹ́rùbani ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ alẹ́ mì. Bí òkú bá jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn á ní kó sún díẹ̀, kó má dí fáànù. Ọ̀kan nínú wọn wà ládùúgbò wa. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ẹ̀rù-ò-bà-mí, torí orúkọ tó fi ń ki ara rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé géèmù kan tí kò tó wákàtí kan gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù-ò-bà-mí ti bá géèmù ńláńlá jà, ó sì ti borí. Òkú tó ń rìn tó ti fìbọn pa, bí a bá kó wọn jọ, wọ́n á kún pápá ìṣeré, wọ́n á tún tò síta. Ìyẹn ò le. Ẹni tó nìbọn, tó lọ́ta, tó ní oògùn ìwòsàn lápò, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni ti àwọn géèmù kéékèèké, èyí tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì jókòó sínú yàrá wọn ṣe, tí wọn ò fún ọ níbọn, tí wọn ò fún ọ lọ́bẹ, tí wọ́n kàn ní kó o máa rìn lọ.

Ẹ má rò pé mo máa dá àwọn tó ń ṣe é sí. Alárékérekè ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ ńlá á náwó rẹpẹtẹ kí iwin kan tó ní eyín lẹ́nu. Àwọn wọ̀nyí ò lówó eyín, wọ́n bá paná. Lọ́dún 2012, Mark Hadley ṣe Slender: The Eight Pages, ó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Igbó ni, lóru, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, ìwé mẹ́jọ lo sì máa wá kiri inú igbó náà. Ọkùnrin gíga kan ń tẹ̀ lé ọ. Kò lójú, kò nímú, ṣùgbọ́n ó wọ kóòtù, ó de táì, bí ẹni ń wáṣẹ́ ní báǹkì. Tí o bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó parí fún ọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ tí kò ṣí ìwé rí nílé ẹ̀kọ́ ló ń sáré wá ìwé nínú igbó lóru, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn rí i.

Ẹ tún wo David Szymanski, tó gbé Iron Lung jáde lọ́dún 2022. Ẹlẹ́wọ̀n ni ọ́ níbẹ̀, wọ́n sé ọ mọ́ inú ọkọ̀ abẹ́ omi tó ti dípẹtà, wọ́n sọ ọ́ sínú òkun ẹ̀jẹ̀ lórí òṣùpá àjèjì kan. Wọ́n ti fi irin jó fèrèsé ọkọ̀ náà pa. Nọ́ńbà lo fi ń tukọ̀, kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ lo fi ń fura sóhun tó wà níta. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n yìí ná: ẹ̀dá yìí ta fèrèsé tó dí fún aráyé, aráyé sanwó, wọ́n tún ń kígbe. Markiplier, gbajúmọ̀ orí YouTube, sọ ọ́ di fíìmù, ó sì gbé e jáde lọ́dún 2026. Fèrèsé kan náà o, dídí náà ló dí.

Àní ọ̀gá tó lówó lọ́wọ́ náà fẹ́ jọ tálákà. Lọ́dún 2014 ni Hideo Kojima ará Japan fi orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí kò sí níbì kankan, 7780s Studio, bojú, ó sì gbé P.T. jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún PlayStation 4. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni, o jáde lápá ọ̀hún, o tún bá ara rẹ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2015, Konami, ilé iṣẹ́ tó ni ín, yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, àwọn tó ti gbà á sórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ bá ń ta ẹ̀rọ náà lówó gegere. Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn tí kò sóhun tó ń bà lẹ́rù kúkú ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe Ẹ̀rù-ò-bà-mí léṣe, The Exit 8 ni. Ẹnì kan ṣoṣo ní Japan tó ń jẹ́ Kotake Create ló ṣe é, ó sì jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2023. Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 60 ló máa gbani. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn ará Japan ń gbà wọ ibùdókọ̀ ojú irin. Táìsì funfun ló wà lára ògiri, iná funfun lókè àjà, pósítà lápá kan, ilẹ̀kùn mélòó kan lápá kejì, àti pátákó aláwọ̀ ìyeyè tó ń sọ nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó gbé báàgì lọ́wọ́, á máa rìn bọ̀ wá pàdé rẹ, á kọjá lọ. Ó tán. Kò sí iwin, kò sí òkú, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Ara ògiri ni wọ́n kọ òfin ibẹ̀ sí. Bí o bá rí ohun tó yàtọ̀, yí padà kíá. Bí o kò bá rí ohun tó yàtọ̀, má yí padà. Bí o bá ṣe é re, nọ́ńbà á máa gòkè láti òdo títí dé ẹ̀jọ, wàá sì bọ́ síta. Bí o bá ṣì í, òdo. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí, kò sẹ́ni tó máa bá ọ bẹ̀bẹ̀. Òdo ni.

Alẹ́ ọjọ́ tí a ń wí yìí, Ẹ̀rù-ò-bà-mí paná pálọ̀, ó ki íápíìsì bọ etí, ó pe àwa mélòó kan wá jẹ́rìí sí ìgboyà rẹ̀. Mọ́ọ̀tì tutù wà nílẹ̀, ẹ̀pà inú ìgò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ṣáà máa wò mí. Bí ẹ bá rí i kí n ṣẹ́jú, ẹ pè mí ní obìnrin.” Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.

Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun yọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù-ò-bà-mí, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tẹ orí ba díẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. “Ẹ káalẹ́ o, sà.” Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wojú rẹ̀, ó kọjá. Ojú akọni wa yí padà. “Bọ̀dá, ṣé ẹ rí i? Èèyàn kí àgbàlagbà, kò dáhùn! Tí èyí ò bá yàtọ̀, kí ló tún fẹ́ yàtọ̀?” Ó yíjú padà, ó fẹsẹ̀ fẹ. Òdo. A ṣàlàyé fún un títí pé ẹni tó bá ní òun máa kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lábẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa mọ́ bá a. Ó ní ẹni tí kò dáhùn ìkíni, òun ò gbà pé èèyàn ni.

Ó tún wọlé, ó rọra ń gòkè, ó dé ẹ̀ta. Lójijì, gbogbo iná ọ̀nà náà kú fíìn. Ní Japan, kí iná ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ńlá ni; ará ibẹ̀ á ti sá kí òkùnkùn tó balẹ̀. Akọni tiwa ńkọ́? Ó fẹ̀yìn ti àga, ó gbé mọ́ọ̀tì. “NEPA ti ṣe tiwọn,” ó wí, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń retí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. A wò ó, ó wò wá. A jẹ ẹ̀pà. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tó pẹ́ títí, ó mí kanlẹ̀. “Àwọn wọ̀nyí náà ò rí díísù rà?” Ó bá gba inú òkùnkùn náà lọ tààrà. Òdo.

Ìgbà tó tún wọlé, ọwọ́ ilẹ̀kùn kan kúrò létí ibi tó wà, ó bọ́ sáàárín gbùngbùn ilẹ̀kùn. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tó wà lọ́dọ̀ wa nàka sí i. Ẹ̀rù-ò-bà-mí ní, “Iṣẹ́ káfíńtà ni. Ti ilẹ̀kùn báluwẹ̀ wa burú ju báyìí lọ.” Òdo. Ojú tó wà lára pósítà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ bó ṣe ń rìn. Ó ní, “Ìbò ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Wíwò náà ni wọ́n máa ń wò wá, wọn ò ní ṣe nǹkan kan.” Òdo. Omi pupa ya wọ ọ̀nà náà, ó ń ru gùdù bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó mọ̀ nípa omi, ó ní kò tíì tó tòjò ọdún tó kọjá ládùúgbò wa, ó ká ẹsẹ̀ sòkòtò rẹ̀ sókè níbi tó jókòó sí, ó wọ́dò. Òdo.

Ẹ̀yin náà á ti máa bi ara yín pé kí ló wá dẹ́rù ba irú ẹ̀dá yìí. Táìsì ni. Ó ń kọjá lára ògiri, apá kan níbẹ̀ wú díẹ̀. “Kò lẹ̀ dáadáa,” ó wí, “sìmẹ́ńtì ni wọ́n jí.” Àfi bí ògiri náà ṣe yọ apá, tó yọ ẹsẹ̀, tó sì gbá yá a. Ọkùnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ táìsì ló ti fara mọ́ ògiri láti ọjọ́ yìí. Igbe tí Ẹ̀rù-ò-bà-mí ké, ajá gbogbo àdúgbò ló bá a gbè é. Íápíìsì fò lọ sẹ́yìn àga, mọ́ọ̀tì dà sára rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni sì wà lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ló lọ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá. Ògiri ni.”

Igbe yìí ló jí ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú obìnrin tí ìyá yìí jẹ́ fún yín. Ó máa ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á dé e padà, á sì sọ iye ẹran tó ti rìn kúrò níbẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹni tó bá a rìn. Ìyá jókòó. Kò mọ bọ́tìnnì kankan. Ojú ni tirẹ̀, ọwọ́ ni tọmọ.

“Dúró. Kò síná níbẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Padà.”

“Màámi, iná ló pọ̀ sí i, ṣé kì í ṣe ohun tó dáa ni?”

“Ta ló sanwó rẹ̀? Padà!”

Wọ́n padà. Nọ́ńbà gòkè. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tún ń bọ̀, ọmọ fẹ́ máa lọ, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọ̀gbẹ́ni yìí ń rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀rín náà tún di ẹ̀sùn, Màámi?”

“Láti àárọ̀ kò wojú ẹnikẹ́ni, ó wá ń fẹyín sí mi lóru. Owó ló fẹ́ yá. Padà kíá.”

Báyìí ni ìyá ṣe tu ọ̀nà náà palẹ̀ láti òdo dé ẹ̀jọ láìṣì í lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ̀gùn yọ, wọ́n gùn ún, wọ́n jáde. A ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ojú rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí ìgò wà. “Ta ló ṣí ẹ̀pà mi?” Òfin géèmù náà ni gbogbo wa tẹ̀ lé: a rí ohun tó yàtọ̀, a yí padà kíá.

Kí ẹ má rò pé òun nìkan ni. Akíkanjú báyìí pọ̀ nígboro. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló ń fi géèmù adẹ́rùbani ṣeré, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí àti orin ìyìn lórí rédíò. Ẹnì kan wà tó ń pa ohùn rẹ̀ pátápátá, tó ní nítorí ará ilé tó ń sùn ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Ẹnì kan wà tó wo ẹlòmíì tó ń fi í ṣeré lórí YouTube, tó wá ń sọ nísọ̀ onígbàjámọ̀ pé, “Ìgbà tí mo parí ẹ̀yẹn…” Ẹ wo ẹni tó wo ìgbéyàwó lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń júwe ìyàwó òun!

Èyí tó burú jù nínú wọn ni agbowópadà. Lọ́jà Steam tí wọ́n ti ń ra irú géèmù báyìí, òfin wà pé bí o kò bá tíì fi géèmù ṣeré tó wákàtí méjì, tí ọjọ́ tó o rà á ò sì tíì ju 14 lọ, o lè dá a padà kó o gbowó rẹ. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n géèmù tí kò tó wákàtí méjì látìbẹ̀rẹ̀ dópin ńkọ́? Ẹ ti rí ẹni tó jẹ àmàlà tán, tó fìka gbá àwo, tó wá ní kí ìyá olóúnjẹ dówó òun padà torí pé àwo kéré. Lọ́dún 2021, ẹni tó ń jẹ́ Emika Games, tó ṣe Summer of '58, kéde pé òun fi iṣẹ́ géèmù sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ló ti bá géèmù náà dópin kí wákàtí méjì tó pé, wọ́n sì gbowó wọn. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni àwọn tó fi í ṣeré ń sọ nípa rẹ̀ o. Wọ́n ń fẹnu yìn ín, wọ́n ń fọwọ́ gbowó. Iwin inú géèmù náà ò gbà ju igbe lọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ṣe é. Ta wá ni iwin?

Ẹ̀rù-ò-bà-mí náà gbìyànjú rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní géèmù rádaràda ni, ògiri ò gbọdọ̀ sáré, òun máa gbowó òun. Ó ṣírò àkókò tó ti lò: ó ti lé ní wákàtí méjì. Ibi tó ti jókòó de jẹnẹrétọ̀ àwọn ará Japan ló ti ná gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ yìí kan náà ti di fíìmù báyìí. Genki Kawamura ló darí rẹ̀, Kazunari Ninomiya ló ṣe ẹni tó há sínú rẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé lọ́dún 2025. Ẹ rò ó wò: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, pósítà mélòó kan, ọkùnrin tí kì í dáhùn ìkíni, ó dé Cannes. Àwa tí ọ̀nà tiwa kún fún nǹkan àjèjì láti ìkóríta dé ìkóríta, ẹnikẹ́ni ò fún wa ní físà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí n sọ òótọ́. Ọ̀nà yẹn ń dẹ́rù ba àwọn tó ni ín nítorí pé ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ ilẹ̀kùn kan bá ṣípò, ara wọn á bù máṣọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Akọni tiwa ti rìn kọjá nínú òkùnkùn, nínú àgbàrá, lábẹ́ ojú pósítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wíwọ́, títí ojú rẹ̀ fi kú sí gbogbo rẹ̀. Ó wá ń pe ojú tó kú ní ọkàn tó le. Kotake kọ ọ́ sára ògiri gbàgàdà pé bí o bá rí ohun tí kò tọ́, má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọmọkùnrin wa kà á, ó ní òfin náà kò bá ilé ayé mu. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ò tíì gbà. Bí mo bá láṣẹ, òun ni mo máa fi ṣe ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ kọngílá wò ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Sìmẹ́ńtì tó bá rìn kúrò nínú gọ́tà, á mọ ẹsẹ̀ ẹni tó bá a rìn.

Ní ti ọmọ, kò tíì gbọ́n. Kotake tún gbé òmíràn jáde lọ́dún 2024, Platform 8, inú ọkọ̀ ojú irin ni tòun. Wàá wo inú ọkọ̀ náà dáadáa, kó o mọ ohun tí kò tọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù-ò-bà-mí ti rà á. Ó ní èyí á rọrùn, nítorí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí òun ò tíì rí rí. Mọ́lùé ló fi lọ sílé ìwé, ọdún mẹ́fà gbáko.